Báyọ́lọ́jì Ni Ọmọ Yín Ń Kà ní Amẹ́ríkà: Èwo Nínú Iṣẹ́ Ìlera Ni Kó Forí Lé?

Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹjọ bá ti ń parí lọ, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí níbi ìnáwó, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lórí fóònù: "Ọmọ wa ti wọ yunifásítì o. Báyọ́lọ́jì ló ń kà. Ọdún mélòó ló kù kó di dókítà?" Maryland ni mò ń gbé, làbù ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, báyọ́lọ́jì ni èmi náà sì fi bẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn mi kì í sábà dùn mọ́ wọn nínú. Oríta ni báyọ́lọ́jì. Ọ̀nà bíi mẹ́wàá ló pín níbẹ̀, ohun tí ọ̀kan ń béèrè kí ó tó jẹ́ kí èèyàn kọjá kì í sì í ṣe ohun tí èkejì ń béèrè. Ọmọ tí kò bá tètè mọ èyí tó ń tọ̀ lè lo ọdún mẹ́rin, kó wá rí i pé ohun tí òun kó jọ kò pé fún ọ̀kankan.

Ó yé mi ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń rú àwọn òbí lójú. Nílé, láti girama ni ọmọ ti ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ọdún mẹ́fà, bí ìyanṣẹ́lódì kò bá dá a dúró, ó parí. Ìbàdàn ni Fúnmi Ọlọ́pàdé ti gboyè ìṣègùn ní 1980 kó tó di ògbóǹtarìgì nípa jẹjẹrẹ ọmú ní Yunifásítì Chicago. Ifẹ̀ ni Olúyínká Olútóyè ti gba tirẹ̀ ní 1988, òun tó wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ inú oyún ní Houston ní 2016. Òbí tó ti rí irú èyí lójú ara rẹ̀ máa ń rò pé báyọ́lọ́jì ni ọdún kìíní ìṣègùn. Ní Amẹ́ríkà, oyè àkọ́kọ́ ń gba ọdún mẹ́rin, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń gba mẹ́rin mìíràn, lẹ́yìn náà ni residency, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn: ọdún mẹ́ta fún dókítà ìdílé, méje fún oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún méjìdínlógún yóò ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kí ó tó dá dúró, ìyẹn bí kò bá kọsẹ̀ rárá.

Báyọ́lọ́jì àbí nǹkan mìíràn?

Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kì í wo orúkọ oyè. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé kí ọmọ ti ṣe báyọ́lọ́jì ọdún kan pẹ̀lú làbù, kẹ́mísírì gbogbogbòò ọdún kan, kẹ́mísírì ọ̀gáníìkì, físíìsì, àti báyòkẹ́mísírì. Ọ̀pọ̀ tún ń fẹ́ ìṣirò státísíìsì. Ọmọ tó ka ìtàn tàbí orin, tó sì ṣe gbogbo ìwọ̀nyí dáadáa, kò rẹlẹ̀ sí ọmọ báyọ́lọ́jì níwájú wọn. Àǹfààní báyọ́lọ́jì ni pé púpọ̀ nínú kọ́ọ̀sì wọ̀nyí ti wà nínú oyè náà, ọmọ kò ní máa wá àyè fún wọn káàkiri. Ó tún rọrùn láti fi anatomy (ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara), physiology (bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́) àti microbiology (kòkòrò àìfojúrí) kún un. Ẹ rántí àwọn mẹ́ta yìí, mo ń padà bọ̀ sórí wọn.

Báyòkẹ́mísírì ńkọ́? Bí ọmọ bá fẹ́ràn kẹ́mísírì dénú, kí ó kà á, pàápàá bí ọkàn rẹ̀ bá wà lórí iṣẹ́ oògùn. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí kí orúkọ lè le lójú àwọn tó ń yan èèyàn ni, kí ó fi sílẹ̀. Wọn kì í fún ẹnikẹ́ni ní máàkì ẹ̀bùn nítorí pé kọ́ọ̀sì rẹ̀ le.

Nọ́ọ̀sì ni ìfiwéra tó ṣe pàtàkì jù, òun náà sì ni àwọn òbí kì í fẹ́ gbọ́. Ọmọ méjì wọ yunifásítì lọ́jọ́ kan náà; ọ̀kan ka nọ́ọ̀sì, èkejì ka báyọ́lọ́jì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ẹni àkọ́kọ́ jókòó ṣe ìdánwò NCLEX, ó gba ìwé àṣẹ, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọmọ báyọ́lọ́jì mú oyè tó dára lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìwé àṣẹ kankan nínú rẹ̀. Oyè náà nìkan kò fún un láṣẹ láti tọ́jú aláìsàn. Oyè báyọ́lọ́jì ń mú èèyàn dé ẹnu ọ̀nà ni. Nǹkan mìíràn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Nítorí náà, bí ipò ilé bá le, tí ọmọ ní láti máa pawó ní ẹni ọdún méjìlélógún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé nọ́ọ̀sì yẹ̀ wò láìka ohun tí àwọn ará yóò sọ sí. Nọ́ọ̀sì náà lè ṣe MCAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, lẹ́yìn ọ̀la bí ó bá ti ṣe àwọn kọ́ọ̀sì yẹn.

Dókítà: MD, DO, àti erékùṣù Caribbean

MD, oyè dókítà, ni gbogbo wa mọ̀. DO kò yé ọ̀pọ̀ nínú wa, wọ́n sì máa ń fojú tín-ín-rín rẹ̀. Dókítà tó pé ni DO ní Amẹ́ríkà: ó ń kọ oògùn, ó ń ṣe iṣẹ́ abẹ, láti 2020 sì ni àwọn àti MD ti ń wọ residency lábẹ́ ètò ìfọwọ́sí kan ṣoṣo. Ohun tó lé sí tiwọn ni ẹ̀kọ́ fífi ọwọ́ tọ́jú eegun àti iṣan. Bí ọmọ yín bá rí DO, kí ó gbà á tayọ̀tayọ̀.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní erékùṣù Caribbean yàtọ̀, òótọ́ sì ni mo gbọ́dọ̀ sọ. Nínú ìpín residency ti 2024, nǹkan bíi 93 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ MD tó wà ní ọdún ìkẹyìn ló rí àyè; ti DO jẹ́ bíi 92. Ọmọ Amẹ́ríkà tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lẹ́yìn odi, bíi 67. Ìyẹn ni pé ìdá kan nínú mẹ́ta ló kúrò níbẹ̀ láìrí àyè lọ́dún náà, gbèsè sì ti wà lọ́rùn. Mo mọ àwọn tó gba ibẹ̀ tí wọ́n ń ṣe dáadáa lónìí. Síbẹ̀, mi ò ní rán ọmọ tèmi lọ kí ó tó gbìyànjú MD àti DO lẹ́ẹ̀mejì.

Báwo ni ilẹ̀kùn náà ṣe há tó? Ní 2024, èèyàn bíi 52,000 ló gba fọ́ọ̀mù MD. Bíi 23,000 ló wọlé. Àwọn tó wọlé, GPA wọn, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì kọ́ọ̀sì lórí 4.0, kò jìnnà sí 3.8, ti MCAT wọn sì jẹ́ bíi 511 tàbí 512, nínú ìdánwò tí máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 472 títí dé 528. Wọ́n tún máa ń yọ máàkì báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì, físíìsì àti ìṣirò sọ́tọ̀ kà. Ọmọ kò lè fi A inú kọ́ọ̀sì eré ìdárayá bo C inú ọ̀gáníìkì mọ́lẹ̀.

Ibi tí mo ti rí omijé jù nìyí. Bí ọmọ bá gba D, tó tún kọ́ọ̀sì náà ṣe tó gba A, ilé-ìwé rẹ̀ lè pa D náà rẹ́ nínú GPA tirẹ̀. Fọ́ọ̀mù ìṣègùn kì í pa á rẹ́. Méjèèjì ni wọ́n ń kà. Sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́, tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé, tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé ní yunifásítì, wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn títí láé. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ó kó báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti kálíkúlọ́ọ̀sì papọ̀ sínú sẹ̀mẹ́sítà kìíní nítorí pé ẹ fẹ́ kí ó tètè parí. Ọdún kan tí ó fi kún un kò pa ẹnikẹ́ni lára. Máàkì tó bàjẹ́ ń pani lára.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà kì í gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílùú tàbí ẹni tó ní gírín káàdì. Àwọn tó ń gba ọmọ tó wá pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, kò pọ̀, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń béèrè ẹ̀rí pé owó ọdún púpọ̀ ti wà nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́ọ̀sì tí ẹnì kan ti ṣe ní Nàìjíríà: ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ kí ó tún wọn ṣe ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà. Kí ẹbí tó fẹ́ rán ọmọ wá láti ilé mọ èyí kí wọ́n tó ta ilẹ̀.

Physician assistant: ọ̀nà tí àbúrò mi gbà

Iṣẹ́ physician assistant, tí a ń pè ní PA, bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Duke ní 1965, nígbà tí Dókítà Eugene Stead kó àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó ti ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi jọ, tó sì kọ́ wọn láti máa ti dókítà lẹ́yìn. Lónìí, PA ń yẹ aláìsàn wò, ó ń sọ ohun tó ń ṣe é, ó ń kọ oògùn ní gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì ń dúró ti oníṣẹ́ abẹ lórí tábìlì. Oyè másítà ni, ó sì sábà máa ń gba nǹkan bí oṣù mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Kò sí residency dandan. Ẹni tó bá fi báyọ́lọ́jì bẹ̀rẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ yìí kó tó pé ọgbọ̀n ọdún dáadáa. Owó àárín rẹ̀ (ìdajì wọn ń gbà jù ú lọ, ìdajì kò gbà tó o), gẹ́gẹ́ bí Bureau of Labor Statistics, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ka owó iṣẹ́, ṣe kà á ní oṣù karùn-ún 2024, lé ní $133,000 lọ́dún. Ti dókítà lé ní $239,000.

Kí wá ni ó yàtọ̀? Ẹ wo ohun tí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ń béèrè. Ìṣègùn fẹ́ MCAT, físíìsì, ọ̀gáníìkì. Ọ̀pọ̀ ètò PA kò béèrè MCAT, ọ̀pọ̀ kò béèrè físíìsì. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ anatomy, physiology àti microbiology, tí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kì í sábà sọ di dandan. Wọ́n tún fẹ́ wákàtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn. Ọ̀pọ̀ ń fẹ́ ẹgbẹ̀rún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó jẹ́ pé ọwọ́ ọmọ gan-an ló ń ṣe ìtọ́jú náà. Ọmọ tó lo ọdún mẹ́rin ní làbù ọ̀jọ̀gbọ́n, tó ń pọ́nlé ìwádìí nìkan, lè ní ìwé tó dùn ún wò fún MD kí PA sì kọ̀ ọ́.

Àwa Yorùbá ní àǹfààní kan níhìn-ín tí a kì í rí. Ìyá púpọ̀ nínú wa ló fi iṣẹ́ CNA, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, bẹ̀rẹ̀ ní ìlú yìí, tó ń wẹ àgbàlagbà, tó ń yí wọn padà lórí ibùsùn, tó ń gba àṣemọ́jú. A máa ń fi ìyà yẹn bẹ ọmọ pé kí ó kàwé kó má baà ṣe irú rẹ̀. Wákàtí CNA gan-an ni àwọn ètò PA ń kà. Àbúrò mi gba ìwé ẹ̀rí CNA ní ìsinmi ọdún kìíní, ó ṣiṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Inú màmá wa kò kọ́kọ́ dùn sí i. Nígbà tí wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ohun tó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àwọn àgbàlagbà wọ̀nyẹn ló sọ fún wọn, wọ́n sì gbà á.

Bí ọmọ bá ń sọ pé, "Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn jẹ́ tèmi," dókítà ni kí ó lọ ṣe. Bí ó bá ń sọ pé, "Mo fẹ́ wà lọ́dọ̀ aláìsàn, mo fẹ́ lè kúrò ní ẹ̀ka ọkàn lọ sí ẹ̀ka awọ ara lọ́jọ́ kan láì tún ilé-ìwé lọ," PA ló ń sọ.

Eyín, ojú, oògùn, iṣan

Dókítà eyín ń ṣe ìdánwò DAT, ọdún mẹ́rin, lẹ́yìn náà ó lè ṣí ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ láì ṣe residency. DDS àti DMD, oyè kan náà ni. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ múṣẹ́, tó fẹ́ràn ohun kéékèèké, tó fẹ́ sùn nílé lálẹ́, kí ó wo ibẹ̀. Gbèsè ilé-ẹ̀kọ́ eyín wúwo púpọ̀.

Dókítà ojú, ìyẹn optometrist tó ń yẹ ojú wò tó sì ń yan gíláàsì, ń ṣe ìdánwò OAT, ọdún mẹ́rin, owó àárín rẹ̀ jẹ́ bíi $134,000. Òun kọ́ ni dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Ìyẹn gba ọ̀nà MD tàbí DO.

Oògùn: PCAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ oògùn tẹ́lẹ̀, ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti oṣù kìíní 2024. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ PharmD, oyè àwọn apòògùn, kò sì dúró dìgbà tí ọmọ bá gboyè. Ọdún méjì kọ́ọ̀sì tó yẹ tó láti wọlé, kí ó wá ṣe mẹ́rin. Bí ó bá ti dá ọmọ lójú, kí ló ń dúró ṣe nínú báyọ́lọ́jì ọdún mẹ́rin? Physical therapy, iṣẹ́ àwọn tó ń mú iṣan àti oríkèé aláìsàn padà bọ̀ sípò, náà ti di oyè DPT ọdún mẹ́ta, anatomy àti physiology ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀, owó àárín rẹ̀ jẹ́ bíi $101,000.

Nọ́ọ̀sì lẹ́yìn báyọ́lọ́jì, àti làbù

Ọmọ tó ti gboyè báyọ́lọ́jì lè ṣe nọ́ọ̀sì oníkíá, ABSN, láàárín oṣù méjìlá sí méjìdínlógún. Ó le, kò sí àyè àtiṣiṣẹ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó jáde pẹ̀lú NCLEX. Owó àárín nọ́ọ̀sì jẹ́ bíi $93,600, ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀ láti ibẹ̀ lọ sí nurse practitioner, nọ́ọ̀sì àgbà tó ń yẹ aláìsàn wò tó sì ń kọ oògùn.

Tèmi ni làbù. Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta, olùdámọ̀ràn kan ní ilé-ìwé mi wo máàkì ọ̀gáníìkì mi, ó ní kí n gbàgbé iṣẹ́ ìlera pátápátá. Kò sọ fún mi pé ètò ọdún kan wà tí wọ́n ń kọ́ni ní iṣẹ́ medical laboratory scientist lẹ́yìn oyè báyọ́lọ́jì. Ara mi ni mo fi wá a rí. Ẹ rí i dájú pé NAACLS, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò àwọn ètò ẹ̀kọ́ làbù, fọwọ́ sí ètò náà. Ìdánwò ìwé ẹ̀rí ti ASCP ló tẹ̀ lé e, ọgọ́rùn-ún ìbéèrè ní wákàtí méjì àbọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan bíi New York, California àti Florida tún ń béèrè ìwé àṣẹ tiwọn.

Iṣẹ́ wo ni? Ilé-ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀ ni mo wà. Ẹni tó ní SS, tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára láti kékeré, ara rẹ̀ lè ti kọ́ bí a ṣe ń bá ẹ̀jẹ̀ àlejò jà. Kì í ṣe A, B àti O nìkan ni a ń wò fún un. A ń wá ẹ̀jẹ̀ tó bá a mu ní Rh àti Kell, tí àwọn náà jẹ́ ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀, a ń dán an wò, a tún ń dán an wò, nígbà tí dókítà ń pè láti òkè pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ti lọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí jẹ́ tiwa, Yorùbá àti àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mìíràn. Wọn ò mọ ojú mi. Bí mo bá ṣìṣe, àwọn ló ń jìyà rẹ̀. Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé iṣẹ́ yìí kéré.

Owó rẹ̀ ló kéré sí ti àwọn yòókù: àárín rẹ̀ jẹ́ bíi $62,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ àti àwọn olùrànlọ́wọ́ wọn ni wọ́n kà papọ̀. Ọmọ tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀ pẹ̀lú àlejò, tí ojú rẹ̀ mú, tó ń fẹ́ mọ ìdí nǹkan, yóò láyọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí aláìsàn mọ orúkọ òun kò ní láyọ̀.

Owó, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé

Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù keje 2025 ti yí ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó ìjọba padà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2026, Grad PLUS, ẹ̀yáwó ìjọba fún àwọn tó ń ka oyè gíga, dópin fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá owó. Ẹni tó ń ka iṣẹ́ bíi ìṣègùn tàbí eyín lè yá $50,000 lọ́dún, kò sì gbọ́dọ̀ ju $200,000 lápapọ̀. Àwọn tí òfin kà sí oyè gíga lásán ní $20,500 lọ́dún, $100,000 lápapọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì owó ilé-ẹ̀kọ́ náà ẹgbẹ́ tí ètò ọmọ yín bọ́ sí, nítorí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì lè mú kí owó ilé-ìwé má pé. Parent PLUS tí ẹ̀yin òbí ń yá náà ti ní òdiwọ̀n: $20,000 lọ́dún lórí ọmọ kan, $65,000 lápapọ̀. Nítorí náà, oyè báyọ́lọ́jì tí ọmọ gbà ní yunifásítì ìpínlẹ̀ yín, tí kò fi gbèsè púpọ̀ sílẹ̀, dára ju ti ilé-ìwé olórúkọ ńlá tó ti jẹ owó tán kí ìṣègùn tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ọmọ kò bá tíì mọ èyí tó fẹ́, ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí ó ṣe àwọn kọ́ọ̀sì ìṣègùn, kí ó fi anatomy, physiology àti microbiology kún un, kí ó gba CNA tàbí kí ó máa gun áńbúláǹsì gẹ́gẹ́ bí EMT, kí ó sì lọ jókòó ti ẹni mẹ́ta tó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ọdún kejì tó parí. Ọmọ tó bá ṣe èyí kò tíì ti ilẹ̀kùn kankan mọ́ ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà kí ẹ ka ọjọ́ sẹ́yìn. Fọ́ọ̀mù MD máa ń ṣí ní oṣù karùn-ún, wọ́n sì máa ń yan èèyàn bí fọ́ọ̀mù ṣe ń wọlé, kì í ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ tó bá fẹ́ wọlé ní oṣù kẹjọ 2029 yẹ kó ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́ ní oṣù kẹfà 2028. Èsì MCAT ń gba bí oṣù kan kó tó jáde, nítorí náà kí ó ti ṣe é kí oṣù kẹrin tó parí. Kí ó tó ṣe é, báyòkẹ́mísírì gbọ́dọ̀ ti parí, àti sàíkọ́lọ́jì, nítorí ìdá kan nínú mẹ́rin ìdánwò náà dá lórí ìhùwàsí èèyàn àti àwùjọ. Kí ó ti bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò kọ lẹ́tà fún un sọ̀rọ̀ ní oṣù kejì, nígbà tí wọ́n ṣì rántí ojú rẹ̀ nínú kíláàsì.